Ṣẹ́gun Olúṣọlá ti Ìpẹru: Olóòtú Eré Nínú Ìtàn Eré Oníṣe Wa

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC dárúkọ àwọn tí ó sọ eré oníṣe Yorùbá di ohun àmúyangàn, kò ní ronú jìnnà kí ó tó dáhùn. Yóò ka Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó kàwé dáadáa, yóò fi Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá kún un. Orúkọ Ṣẹ́gun Olúṣọlá kò ní sí níbẹ̀. N kò dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi, nítorí àwa olùkọ́ ni a kò fi kọ́ wọn. Ìtàn àwọn tí ó ní ẹgbẹ́ òṣèré tí à ń fi orúkọ wọn pè ni à ń kọ́, àti ti àwọn tí eré wọn wà nínú ìwé tí a lè rà lọ́jà. Olóòtú eré orí amóhùnmáwòrán kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá sì parí iṣẹ́, kì í sábà sí ìwé tí a lè nawọ́ sí. Èrò mi ni pé àlàfo ńlá ni èyí jẹ́ nínú ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ, àti pé iṣẹ́ ọmọ Ìpẹru-Rẹ́mọ yìí jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ṣe dé ilẹ̀ wa. Ìjà òṣèlú ni ó bí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an yàn-an, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti ti NCNC sì fi ìbínú jáde. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì bá wọn wí ní etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún òun náà láàyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò gbà fún un. Ẹni tí a bú ní gbangba tí a kò sì jẹ́ kí ó fọhùn kì í tètè gbàgbé. Nígbà tí òfin ìjọba ti 1954 fún àwọn ẹkùn ní àṣẹ láti dá ilé iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Wọ́n dòwò pọ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ òyìnbó kan tí ń jẹ́ Overseas Rediffusion. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń polówó ara wọn ni pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra níbí yìí: Morocco àti Algeria ti ní tiwọn ṣáájú. Bí a bá ní àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ náà dúró.

Ẹ̀rọ dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í pa àlọ́ fúnra rẹ̀. Fíìmù tí a kó wá láti Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kún àkókò ilé iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó rọrùn, ó sì dínwó láti ra eré tí ẹlòmíràn ti ṣe parí ju kí a jókòó ṣe tiwa lọ. Ibẹ̀ ni Olúṣọlá ti bọ́ sínú ìtàn. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 1935 ni a bí i. Ó ti ṣiṣẹ́ rédíò kí ó tó dé WNTV, ó sì wà lára àwọn olóòtú àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ náà ní. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1960, nígbà tí òmìnira ku bí oṣù méjì, ó gbé eré Wọlé Ṣóyínká kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ My Father's Burden sáfẹ́fẹ́. Òun ni a kà sí eré odindi àkọ́kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà kọ tí a sì ṣe lórí amóhùnmáwòrán ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni olórí ìjọba tí ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìsarà-Rẹ́mọ ni baba ẹni tí ó kọ eré náà ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni a ti bí òun fúnra rẹ̀. Ọmọ Ìpẹru sì ni ẹni tí ó ṣe olóòtú rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè fi ẹsẹ̀ rin láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìpẹru. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi Rẹ́mọ yangàn: ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú mìíràn ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ náà sì wà. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé àwọn ìlú kéékèèké tí àwọn oníwàásù ti tètè dá ilé-ìwé sílẹ̀ sí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti jáde wá. Baba Ṣóyínká pàápàá, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. A óò tún padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Kí gan-an ni iṣẹ́ olóòtú eré? Nínú ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjò, ọ̀gá ni ó ni ohun gbogbo. Òun ni ó ro eré, òun ni ó kọ orin, òun ni ó ń ṣe ẹ̀dá ìtàn tí ó tóbi jù. Àwọn aya rẹ̀ a máa bá a ṣe é, ọkọ̀ tí ó ń gbé wọn kiri a máa jẹ́ tirẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà a sì máa wọ àpò rẹ̀. Bí àwọn òǹwòran bá ń rẹ́rìn-ín, ó lè fa ibi tí ó dùn gùn. Bí wọ́n bá ń hàn-án-rùn, ó lè gé e kúrú. Olóòtú tẹlifíṣàn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni. Kì í rí òǹwòran rẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n náà kò gbọdọ̀ di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òun ni yóò wá ẹni tí yóò kọ eré, tí yóò gé ohun tí ó gùn jù nínú rẹ̀, tí yóò yan òṣèré, tí yóò bá káfíńtà sọ̀rọ̀ nípa ààfin tí a óò fi pákó kọ́ sínú sítúdíò, tí yóò sì sọ fún àwọn tí ń di kámẹ́rà mú pé ojú ta ni kí wọ́n máa wò nígbà wo. Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, ìgbà tí téèpù fún àwòrán kò tíì wọ́pọ̀, bí òṣèré ti ń ṣe é nínú sítúdíò náà ni ó ń jáde sí ilé àwọn ènìyàn. Bí ẹnìkan bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo Ìbàdàn ni ó gbàgbé rẹ̀ lójú wọn. Bí eré bá sì ti parí, ó parí nìyẹn. Kò sí ohun tí a lè tún wò. Ìdí kan nìyí tí a kò fi rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìtàn wa.

Ìjọba àpapọ̀ náà dá amóhùnmáwòrán tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 1962, lábẹ́ NBC. Olúṣọlá lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò lè yà kúrò lára rẹ̀ mọ́: The Village Headmaster, èyí tí à bá pè ní Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Abúlé ní èdè wa. Orí rédíò ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ó tó dé orí amóhùnmáwòrán ní 1968. Ó wà níbẹ̀ títí di 1988. Ogún ọdún fún eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan! Ọmọ tí a gbé pọ̀n nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ti lè wà ní yunifásítì nígbà tí ó parí.

Abúlé kan tí ń jẹ́ Ọjà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọba wà níbẹ̀, Kábíyèsí, tí Dèjúmọ̀ Lewis ṣe. Àwọn ìjòyè rẹ̀ yí i ká, èyí tí ó sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Olóyè Eléyinmi, tí Fúnṣọ́ Adéolú ṣe, ìjòyè tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. Ìbídùn Allison ni Amẹ́bọ, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í dùbúlẹ̀ sí nínú. Tíṣà Gàrúbà ni Joe Layode. Bassey Okon ni Jab Adu. Aya Olúṣọlá fúnra rẹ̀, Elsie, ni ó ṣe Sisi Clara. Ọkùnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà tẹ̀léra: Ted Mukoro ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà Fẹ́mi Robinson, lẹ́yìn náà Justus Esiri. Kí olùkọ́ tẹnu mọ́ èyí fún àwọn ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti hàn kedere. Ta ni ó lè bá Dúró Ládiípọ̀ ṣe Ṣàngó nínú Ọba Kò So kí ọkàn òǹwòran má fà sí Dúró? Ṣùgbọ́n olórí ẹ̀dá ìtàn The Village Headmaster yí padà lẹ́ẹ̀mejì, eré náà kò sì dúró. Ọwọ́ àwọn olóòtú àti olùdarí mìíràn, bíi Ṣànyà Dòsùmú, náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ti ṣe é ní ọ̀nà tí yóò fi lè gbé ara rẹ̀. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn nínú eré oníṣe wa ní àkókò náà tí a ṣe báyìí.

Níbo ni ọgbọ́n yìí ti wá? Ohun tí ó mú eré náà dúró ni ibi ìpàdé. Ọ̀rọ̀ kan yóò ṣẹlẹ̀ nínú abúlé, yóò sì di dandan kí a gbé e wá síwájú Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀. Níbẹ̀ ni olúkúlùkù yóò ti rò tẹnu rẹ̀. Kábíyèsí kì í dá ìdájọ́ lójijì; a máa gbọ́, a máa wo ojú àwọn ìjòyè rẹ̀. Ẹni tí a bí ní Rẹ́mọ kò ní rí i bí ohun àjèjì. Ní ìlú Rẹ́mọ àtijọ́, ọba kò dá ìlú ṣe: Òṣùgbó wà, àwọn Ìwàrẹ̀fà wà nínú rẹ̀ bí ọkàn nínú ara, Pàmpá sì wà tí ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọjà. Ṣágámù fúnra rẹ̀, tí àwọn ìlú tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1872, kò ní ọ̀nà mìíràn tí ì bá fi gbé pọ̀ bí kò ṣe nípa ìjókòó sọ̀rọ̀. N kò sọ pé Ìpẹru ni Olúṣọlá gbé kalẹ̀ tí ó sì sọ ọ́ ní Ọjà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí ó dàgbà sí àárín irú àṣà bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé eré ti wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà síbẹ̀.

Láàárín ìgbìmọ̀ yìí ni ó wá gbé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sí. Ẹni tí kò mọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa lè rò pé kò sí ìdí pàtàkì kan fún èyí. Ní oṣù Kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 dé 811,000 ó lé ní 1955. Abúlé tí kò ní ilé-ìwé rí ní in; ibi tí olùkọ́ méjì wà tẹ́lẹ̀ di ibi tí mẹ́jọ wà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ di ẹni tí ń ka lẹ́tà fún ìjòyè, tí ń kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, tí ń parí ìjà láàárín tọkọtaya, tí kò sì jẹ́ ọmọ ìlú náà nígbà mìíràn. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò joyè. Ìjòyè ní oyè, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Ìjà tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó láti fi ṣe eré fún ogún ọdún, ó sì tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1955 ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ní 1968. Ìtàn ìgbà èwe ara rẹ̀ ni ó ń wò.

Ọdún 1968 kì í sì í ṣe ọdún àlàáfíà. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967 ṣì ń jà, kò sì parí títí di oṣù Kìíní 1970. Ní irú àkókò yẹn ni Olúṣọlá kó Gàrúbà àti Bassey Okon àti àwọn ọmọ Yorùbá sínú abúlé kan ṣoṣo, tí wọ́n ń bára wọn jà nítorí ọ̀rọ̀ kékeré, tí wọ́n sì tún ń jùmọ̀ mu ẹmu. Àwọn kan lè sọ pé ìpolongo ìjọba ni, nítorí ilé iṣẹ́ ìjọba ni ó gbé e jáde. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lápá kan. Ṣùgbọ́n ìpolongo kì í pẹ́ lójú àwọn ènìyàn tó báyìí. Ó ní láti dùn.

Ó kan ọ̀rọ̀ èdè, èyí tí n kò lè yẹra fún nínú ìwé tí àwa onímọ̀ Yorùbá ń kà. Gẹ̀ẹ́sì ni eré yìí, pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì ìgboro àti ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti èdè mìíràn níbi tí ó bá ti yẹ. Ní àkókò kan náà, Moses Ọláìyá ń fi Yorùbá pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ní WNTV. Dúró Ládiípọ̀ ṣe Bódé Wáàsinmi, Oyin Adéjọbí sì ṣe Kóótù Aṣípa. Nítorí náà, kì í ṣe pé Yorùbá kò ṣe é fi ṣe tẹlifíṣàn. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ni kò lè fi í ṣe eré tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò gbọ́. A pàdánù nǹkan nínú èyí, kí a má tan ara wa. Ọgbọ́n tí Olúṣọlá ní láti ṣe eré tí yóò wà fún ogún ọdún, èdè wa kò jẹ nínú rẹ̀ tààrà. Àwọn tí ó jogún ọ̀nà rẹ̀, bíi Jab Adu tí ó wá dá eré The Adio Family sílẹ̀, Peter Igho tí ó ṣe Cock Crow at Dawn, àti Lọlá Fáni-Káyọ̀dé tí ó ṣe Mirror in the Sun ní ìgbà 1980, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe tiwọn.

Síbẹ̀, n kò lè gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ní kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí Eléyinmi bá dìde láti sọ̀rọ̀, kì í wọ inú ọ̀rọ̀ lọ tààrà bí agbẹjọ́rò òyìnbó. A máa kí ọba, a máa yí ọ̀rọ̀ ká, a máa sọ ohun tí òun kò ní sọ kí ó tó sọ ọ́. Ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ ìjòyè Yorùbá nìyẹn. Aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wọ̀ ọ́. Ẹ̀wẹ̀, Amẹ́bọ, orúkọ ẹ̀dá ìtàn kan ṣoṣo, ti di ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe olófòófó ní gbogbo Nàìjíríà. Ìwé eré wo nínú àwọn tí à ń yàn fún ìdánwò ni ó fi ọ̀rọ̀ kan sí ẹnu àwọn ènìyàn báyìí?

Olúṣọlá kò dúró sí ìdí eré títí. Ní 1987, ìjọba yàn án ní aṣojú Nàìjíríà ní Ethiopia, níbi tí olú ilé iṣẹ́ àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà wà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1993. Ojú rẹ̀ ni ìjọba Mengistu ṣe ṣubú ní 1991. Ohun tí ó rí nípa àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1993 láti máa ràn wọ́n lọ́wọ́, African Refugees Foundation. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2012, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ní ti Fúnṣọ́ Adéolú, ó jọba ní tòótọ́: Aláyé Òde-Rẹ́mọ ni, kò sì jìnnà sí Ìpẹru. Ẹni tí ó ti ń yọ ọba lẹ́nu nínú eré wá di ẹni tí ìjòyè ń wólẹ̀ fún.

Ní 2021, NTA tún gbé eré náà dìde pẹ̀lú àwọn òṣèré tuntun. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dípò ti àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú téèpù ayé ìgbà náà ni ó ti sọnù tàbí tí a ti gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀, nítorí téèpù wọ́n nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ẹnikẹ́ni yóò bi wọ́n léèrè. Ibi tí ó kù tí a ti lè rí i ni orí àwọn tí ó wò ó. Ní ìgbà ìsinmi méjì tí ó kọjá, mo rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àti bàbá wọn àgbà ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìpẹru, pé kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rántí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ti sọ ọ́ gan-an. Àwọn kan rántí ìjà kan lórí ilẹ̀, àwọn kan rántí bí Kábíyèsí ti ń mi ìrùkẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì dé ibi tí Eléyinmi ti ń rojọ́, tí wọ́n ń sín in jẹ, Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.